Fọ́ọ̀mù Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà

Ẹ̀rọ amúlé-móoru ń mí bí àgbàlagbà tó ń sùn.
Lóde, Wínípẹ́gì ti funfun láti àná,
ọkọ̀ tí ń ha yìnyín ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì
kí àwa mẹ́rin tó jókòó yí tábìlì ká,
kọ̀ǹpútà níwájú oníkálukú, fọ́ọ̀mù kan náà:
Ilẹ̀ òkèèrè wo lo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà?
Mo kọ orúkọ mi. Mo fi àmì ohùn sí i,
ẹ̀rọ sọ àmì náà di àpótí kékeré.

Oksana ti mú Nepal, torí òkè.
Kò fi bò. Ó ní òun á gun òkè ní Sátidé,
òun á wo ọmọ tó ń wúkọ́ ní Mọ́ńdè.
Tristan fẹ́ Màláwì.
Ó ní níbẹ̀ wọ́n á jẹ́ kóun gbẹ̀bí fúnra òun,
kóun rán ojú ọgbẹ́ láìsí ọ̀gá tó ń mí sóun lọ́rùn;
níhìn-ín, ìbọ̀wọ́ la ń wọ̀, ìbọ̀wọ́ la ń bọ́.
Mo ní, "Ojú ọgbẹ́ ta ni?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Ní oṣù kẹwàá, wọ́n pè mí sí wọ́ọ̀dù kẹrin,
wọ́n ní ìyá kan wà tí ẹnikẹ́ni ò gbédè rẹ̀.
Màmá Adéyíọlá, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin,
tó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ìkókó.
Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní,
"Ọmọ mi, nǹkan ń rìn mí lára.
Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀."
Èmi tí wọ́n fi Yorùbá orí fóònù tọ́,
Yorùbá ẹ káàárọ̀, Yorùbá ṣé o ti jẹun,
mo tú u bó ṣe bọ́ sí mi létí:
nǹkan kan ń rìn kiri nínú ara rẹ̀.
Dókítà ní, "Kí ni nǹkan náà? Ṣé ó lẹ́sẹ̀?"
Mo bi màmá. Màmá wò mí
bí ẹni tó tọrọ omi tí wọ́n gbé iyọ̀ fún.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí kò sí ló ń rí.
Ọjọ́ mẹ́rin ló fi lo oògùn ọpọlọ
kí ẹnì kan tó fi abẹ́rẹ́ tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò,
tí kò sì mọ̀ pé wọ́n gún òun.

Bàbá mi ò fẹ́ gbọ́.
Ó ti iléeṣẹ́ apẹran dé, ọwọ́ rẹ̀ ń rùn ọṣẹ:
"Ìgbájọ? Èmi kúrò níbẹ̀ kí o lè kàwé,
o wá fẹ́ fowó bàálù padà lọ kọ́ kí ni?"
Mo ní, "Èjìká yẹn, báwo ló ṣe ń dùn yín?"
Ó fọwọ́ pa á. Ó pẹ́ díẹ̀.
"Kì í ṣe dídùn. Ó ń ta mí ni. Ó ń ta, ó ń já mi jẹ."
Ó lọ sùn.

Darlene nìkan ló ti pa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dé.
Abúlé wọn wà ní àríwá, létí adágún,
mọ́tò ò dé ibẹ̀ àfi tí omi bá di;
dókítà a fò wá ní Túsìdé, a fò lọ ní Tọ́sìdé.
Ó ní, "Ilé wa ni mo kọ sí i.
Ẹ̀rọ ní kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè.
Mo ní kó lọ bi àwọn ará ibẹ̀."
Tristan ń wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Mo kọ Ìgbájọ. Ìyẹn ò ṣòro.
Ìbéèrè kẹsàn-án ló kù: Ṣé o gbọ́ èdè ibẹ̀?
Àyè méjì péré, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́.
Mo gbé ìka lé bẹ́ẹ̀ ni.
Mo rántí ọwọ́ Màmá Adéyíọlá,
bó ṣe yọ ọ́ kúrò nínú tèmi díẹ̀díẹ̀.
Mo gbé ìka kúrò.
Ọkọ̀ yìnyín tún ti dé,
ó ń ha ilẹ̀, ó ń ha ilẹ̀,
ilẹ̀ ò sì tíì yọjú.